Apá Ọ̀tún Mi Ń Wá Ènìyàn

Wọ́n ní kí n lu agogo.

Ọjọ́ tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú mi parí, wọ́n mú mi lọ sídìí agogo kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì yí mi ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ti gbé fóònù sókè láti ya àwòrán. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí. Agogo tí mo mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan ni wọ́n ń lù ú fún: ó máa dún, a máa kúnlẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tiwọn yìí, ìparí ló wà fún. Mo lù ú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gé kéèkì fún mi, mo fi bébà wé e, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní Rippleside, ní London níbí, mo gbà pé ó ti tán.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ rèé: kò sẹ́ni tó sọ fún apá ọ̀tún mi pé ó ti tán.

Ó kọ́kọ́ ṣe bí eré. Òrùka kọ̀, kò wọ ìka mọ́. Okùn aago ọwọ́ ń fi àpá sí mi lára. Nígbà tí òtútù dé, mo gbé kóòtù wọ̀: apá òsì wọlé wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, apá ọ̀tún dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó rí ajá. Kò pẹ́ tó fi wú láti ìka dé èjìká. Ó ki, ó wúwo, ó ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé gálọ́ọ̀nù omi bọ̀ láti ẹ̀rọ.

Mo lọ bá dókítà àdúgbò. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ọrùn, ó wò ó lókèèrè.

“Ó wú díẹ̀,” ló wí.

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì nílé, mo sì gboyè nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni kí a mọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àti àwọn tó dúró tí wọ́n ń wò ó. Ẹni tó bá sọ “díẹ̀” níwájú mi ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Mo ní, “Dókítà, báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe tó?” Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀. Ó ní kí n má bínú, òun á kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ti ń rí sí irú rẹ̀.

Kí n má bínú! Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ìlú yìí kì í ṣe òtútù. “Ẹ má bínú” wọn ni. Nílé, tí ènìyàn bá ṣẹ̀ ọ́, ó máa jiyàn, ó máa búra, ó máa bi ọ́ bóyá o mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe, ìwọ náà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níbí, o ò tíì la ẹnu tán tí wọ́n á ti bẹ̀ ọ́. Bọ́ọ̀sì pẹ́: ẹ má bínú. Wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò rẹ nù: ẹ má bínú gan-an ni. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan tó yí padà. Ó dà bí kí ènìyàn máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ìrọ̀rí. Mo ti fi gbogbo agbára mi bínú ní ìlú yìí, bọ́ọ̀lù ò fò padà sí mi rí.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń di ọjà sínú páálí fún àwọn tó rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kevin ni ọ̀gá wa, ọmọkùnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń jóná níbòmíràn. Mo sọ fún un pé mi ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́, mo sì ṣàlàyé ìdí. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí mo dárúkọ ọmú. Ó ní òun á wá iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìgbálẹ̀ gígùn kan lé mi lọ́wọ́.

“Kevin,” mo ní, “ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń gbálẹ̀ ní ìlú yín?”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn fún un. “Má bínú,” ló wí. Ẹ ṣáà gbọ́.

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí àwọn àgbà ilé iṣẹ́. Mo kọ òmíràn láti fi tó wọn létí pé wọn ò fèsì sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ àmì ara páálí wò, iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì lè dá ṣe, wọ́n sì fún mi ní àga. Àga náà ń mì, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ẹni tó bá jókòó sí i nígbà tí mi ò sí níbẹ̀ máa ń gbọ́ tẹnu mi.

Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta. Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, ó tilẹ̀ gbààwẹ̀ lé e lórí. Apá yìí ni mi ò tíì rójú ṣàlàyé. Ní Sátidé kan tí a ń rí ara wa lórí fóònù, mo gbàgbé, mo nawọ́ láti tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn mi ṣe, apá náà sì kọjá níwájú rẹ̀ gbàgà.

“Háà! Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá wo apá ọmọ mi! Apá yìí ń jẹun!”

Ó ké sí aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Ràfíù. Àwọn méjèèjì sún mọ́ fóònù débi pé iwájú orí nìkan ni mò ń rí.

“Ìlú òyìnbó mà gbà á o,” Ìyá Ràfíù wí. “Èkejì wá ńkọ́? Kí ló dé tí èkejì rù?”

“Èkejì ń bọ̀ lọ́nà,” ìyá mi dá a lóhùn. “Àbí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń sanra ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí a pa fóònù, ẹ̀rín tán, omi náà ò tán. Ìyẹn ni wọn kì í kọ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń fún ènìyàn ní ọsibítù: pé ó máa di ọjọ́ tí inú ìyá rẹ á dùn sí ohun tó ń dùn ọ́, o ò sì ní lágbára láti tú u sí i létí.

Ibi tí dókítà kọ̀wé sí pè mí nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Nọ́ọ̀sì tó rí mi níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo gbà fún un. Mo lè bí i lọ́mọ, síbẹ̀ ó ń pe orúkọ mọ́ mi lórí. “Ẹ” tí mo fi sí i lẹ́nu nínú ìtàn yìí, àánú ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n òun lẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan apá náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì ṣàlàyé pé nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké kan lábẹ́ abíyá mi, àwọn tó ń bá omi ara wá ọ̀nà. Ní báyìí, omi ń wọ apá, kò rí ibi gbà jáde. Lymphoedema lorúkọ rẹ̀. Kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kápá rẹ̀. Tí a ò bá tètè ṣe é, ó máa le koko, kò sì ní joro mọ́.

“Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lu agogo?”

“Ẹ má bínú.”

Mo fi kún àwọn tí mo ti gbà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé wọ́n máa fi báńdéèjì wé e, ìpele lórí ìpele, láti ìka dé èjìká, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Òun á wé e ní ọjọ́ tí mo bá wá. Ní ọjọ́ tí mi ò bá wá, ẹnì kan nílé á tú u, á fi ìpara pa á, á tún un wé. Mi ò lè fi ọwọ́ òsì nìkan dá a ṣe.

“Ta lẹ jọ ń gbé?” ó bi mí.

Mo ronú. Obìnrin ará Romania kan wà ní yàrá kejì sí tèmi, ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àti òórùn àlùbọ́sà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọkùnrin kan wà lókè tó máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

“Kò sí ẹnì kankan.”

“Ọkọ ńkọ́? Ọmọ? Àbúrò? Ọ̀rẹ́?”

“Ṣé ọkọ ni apá mi ń wá ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀ mí kí n má bínú. Ó ní báńdéèjì tí wọn ò bá wé dáadáa lè dá kún wíwú náà, nítorí náà òun ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí á ràn mí lọ́wọ́. Òun á di àyè mi mú títí oṣù máa fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, á di ti ẹlòmíràn, màá sì padà sẹ́yìn ìlà. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Mo yọjú, mo rí ohun tó kọ: kò ní ẹnì kankan.

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ní agbo ilé wa, o ò lè dá ní ẹ̀fọ́rí. Kí o tó fọwọ́ kan orí, ẹnì kan ti ń bi ọ́ ohun tí o jẹ lánàá, ẹlòmíràn ti ń sọ pé òun ti wí fún ọ. Mo sá fún un. Ó wù mí kí n ní ìlẹ̀kùn tí màá tì, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè ìdí tí mo fi tì í. Wọ́n fún mi ní ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn tó dáa ni, ó ń tì gbọn-in. Mi ò rí ẹ̀sùn tí màá fi kàn án, ìyẹn gan-an ló wá ń bí mi nínú.

Ẹ máa bi mí pé ìjọ ńkọ́. Ìjọ wa wà lókè ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ tí o bá sọ àìsàn rẹ fún ẹnì kan ṣáájú ìwàásù, gbohùngbohùn á ti gbọ́ kí wọ́n tó gba ọrẹ. Mi ò fẹ́ kí orúkọ mi àti jẹjẹrẹ jọ jáde nínú gbohùngbohùn kan. Sùtánà wa funfun sì ní apá gbígbòòrò, ènìyàn lè fi ọmọ ewúrẹ́ pamọ́ síbẹ̀. Èmi fi apá mi pamọ́.

Ó di ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè. Wọ́n ní kí àwa obìnrin gbé oúnjẹ fún àwọn àgbà. Mo gbé abọ́ ìrẹsì kan, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa. Mama ni gbogbo wa ń pè é, àgbà obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti ń gbé ní àdúgbò Valence láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré, tí ohùn Ìjẹ̀bú ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Abọ́ náà gbóná, ó wúwo, apá ọ̀tún mi ò lè gbé e. Ọwọ́ òsì ni mo fi nà án sí i.

Mama ò gbà á. Ó wo abọ́, ó wo ọwọ́, ó wá wò mí.

“Ọwọ́ òsì?”

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wa. Ẹnì kan rọra ní, “Ẹ má dá a lóhùn, Mama, London ló ṣe é.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ma. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń dùn mí.”

“Ó ń dùn ẹ́, èkejì ò wá lè fara tì í? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Ìwé lo kà, o ò kọ́ ilé.”

Mo ti fara da Kevin. Mo ti fara da dókítà tó na ọrùn. Ṣùgbọ́n èyí dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo dìde.

“Mama, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kúnlẹ̀, ẹ ò rí ìyẹn. Ìrẹsì gbóná, mi ò dà á sí yín lára, ẹ ò rí ìyẹn náà. Ẹ ò sì bèèrè ohun tó ṣe apá mi kí ẹ tó bèèrè ohun tó ṣe ilé wa.”

Mo bá ká apá sùtánà sókè.

“Jésù!” ẹnì kan kígbe. Kí n tó mí, gbogbo obìnrin ibẹ̀ ti di dókítà. Ọ̀kan ní òróró ìyàsímímọ́, ọ̀kan ní òrí. Ẹ̀kẹta ti ń sáré lọ gbé omi kaná, pé kí wọ́n fi táwẹ́lì jó o bí wọ́n ṣe ń jó ara ìyá ìkókó. Àwọn méjì ti ń ká apá aṣọ wọn láti bá mi fún un.

“Ẹ fi mí sílẹ̀!” mo pariwo. “Omi gbígbóná ò gbọdọ̀ kàn án, ẹ ò sì gbọdọ̀ fún un! Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n torí ẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ó wá ku apá!”

Ó ti jáde. Kò tilẹ̀ nílò gbohùngbohùn.

Mama fọwọ́ pe àwọn yòókù sẹ́yìn. Ó sún mọ́ apá náà, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kí ni àwọn dókítà ní o fẹ́?”

“Ènìyàn, ma.”

“Ènìyàn báwo?”

“Ẹni tí á máa bá mi wé báńdéèjì láàárọ̀. Tí mi ò bá rí i kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á gba àyè mi fún ẹlòmíràn.”

“Ènìyàn!” Mama yíjú sí wọn. “Ẹ bá mi gbọ́ o. Mo ti ń rò ó pé oògùn tí kò sí lọ́jà ni. Ènìyàn lásán!” Ó tún yíjú sí mi. “Aago mélòó lo máa ń jí? Gbé ìrẹsì yẹn wá, ó ti ń tutù.”

Ó gbà á lọ́wọ́ òsì mi. Ibòmíràn ló ń wò bó ṣe ń gbà á.

Ẹ má rò pé ẹ̀sùn mi tán síbẹ̀. Nígbà tí a jọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé e, nọ́ọ̀sì sọ fún Mama pé kó fún díẹ̀ níbi ọwọ́, kó sì máa dẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Mama ní òun ti gbọ́. Ó gba báńdéèjì, ó sì wé gèlè fún apá mi. Ó fà á, ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ létí, ó so ó pinpin lókè, ó fi ìdí rẹ̀ há a sí èjìká mi bí òdòdó, ó wá sún sẹ́yìn láti wò ó bóyá ó jókòó.

“Ó lẹ́wà gan-an,” nọ́ọ̀sì wí, “ṣùgbọ́n omi tí ẹ fẹ́ kó jáde, ẹ ti dínà mọ́ ọn lókè.”

“Ó ń jowú,” Mama sọ fún mi ní Yorùbá.

“Kí ni wọ́n wí?” nọ́ọ̀sì bi mí.

“Wọ́n ní ẹ ṣeun.”

Mama tú u, ó tún un wé. Ó tú u, ó tún un wé. Nígbà tó fi máa mọ̀ ọ́n, ìka mi ti sú gbogbo wa.

Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì wá láti Valence láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó máa ń dé ṣáájú àkókò tí a jọ fi sí. Ó máa ń ṣí ìkòkò mi láìbéèrè, á sì ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Ó gbé àwọn ìwé mi kúrò létí fèrèsé nítorí pé wọ́n ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń gbàdúrà bó ṣe ń wé báńdéèjì, tí àdúrà bá sì gùn, báńdéèjì náà á gùn, a ó tún un ṣe. Ó ti mọ obìnrin ará Romania náà, wọ́n ń fún ara wọn ní àlùbọ́sà. Èmi tí mo ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Mama ló fi mí hàn án.

Ní òwúrọ̀ kan tó ń tú báńdéèjì, mo rí eegun ẹ̀yìn ìka mi. Mo ti gbàgbé pé mo ní wọn. Mama náà rí wọn. Ó fi ìka rẹ̀ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ kú àbọ̀ o,” ó kí wọn. “Ẹ káàbọ̀, ẹ ti pẹ́ lóde jù.”

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó wọn apá náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó ti joro dé ibi tí òun fẹ́, báńdéèjì ti parí, ó kù kí n máa wọ ìbọ̀wọ́ gígùn kan tó ń fún apá kí wíwú náà má baà padà wá. Ó mú un jáde nínú páálí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì gbé sínú ààrò. Ó wọ̀ ọ́ fún mi. Apá òyìnbó kan yọ lára mi.

“Àwọ̀ ara ni wọ́n ń pè é,” nọ́ọ̀sì wí.

Mo ti la ẹnu. Gbólóhùn mi ti tò sílẹ̀ dáadáa. Mama gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

“Ara ta ni?” ó bi nọ́ọ̀sì ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. “Ẹ wo ọmọ yìí. Ẹ wá wo nǹkan yìí. Ṣé ẹ ò lójú ni?”

“Ẹ má bínú, Mama, ohun tó wà nílẹ̀ ni…”

“Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ wá a. Ṣé èyí tó dúdú ò sí ní gbogbo London?”

“Ó wà, ṣùgbọ́n a máa ní láti kọ̀wé béèrè fún un.”

“Ẹ kọ ọ́. A jókòó.” Ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó wọ inú àga náà.

Nílé, tí akọ̀wé báńkì bá fi ọ̀rọ̀ gún ọ lára, ẹnì kan tí o ò mọ̀ rí lẹ́yìn rẹ nínú ìlà á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ, ìwọ á sì rí àyè mí. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣàárò nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, èmi nìkan ni mo ń dá gbogbo rẹ̀ jà, tí mo bá sì jà tán, èmi nìkan ni mo ń lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù, ó ń béèrè fún èyí tó dúdú. Mama ò tíì ṣe tán. Ó sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni mí, tí mi ò jẹ́ rí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí irú ìwọ̀sí yìí, èyí náà ṣeé jiyàn lé lórí. Mi ò tún un ṣe. Mo gbé apá mi lé orí ìrọ̀rí tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, mo fẹ̀yìn ti àga, mo jẹ́ kó gbèjà mi.